Ògiri Tó Lanu: Bí Pínpín Fíìmù àti Orin Láìsanwó Ṣe Wọ̀ Wá Lára

Ní ọdún 1982, Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé fíìmù kan jáde tó pè ní Ọ̀run Móoru. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Owó tí aláwàdà ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà ti fi bí ogún ọdún pa ayé lẹ́rìn-ín kó jọ ló dà lé e lórí, ó sì tún yáwó kún un, torí fíìmù ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi owó àpò ṣe. Kí fíìmù ọ̀hún tó yí àwọn gbọ̀ngàn sinimá ká, àwọn kan ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó ti ń ti ilé bọ́ sí ilé, àwọn tí ì bá sanwó wò ó lóde sì ti jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ti wò ó tán. Gbèsè ló kù fún ẹni tó ni iṣẹ́. Bàbá Sàlá tún ṣe fíìmù lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn iṣẹ́ tíátà Yorùbá gbà pé ọgbẹ́ Ọ̀run Móoru kò jinná lára rẹ̀ títí tó fi dolóògbé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2018.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, ẹni tó da fíìmù náà kọ la máa ń gbé bú. Ó tọ́ kí a bú u. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló dà á kọ, àìmọye èèyàn ló wò ó. Àwọn òǹwòran yẹn fẹ́ràn Bàbá Sàlá dénú. Wọ́n ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ, wọ́n ń fi aago ńlá tó máa ń so mọ́ ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ara wọn, bóyá ni a sì fi máa rí ẹyọ kan nínú wọn tó gbà pé òun ja Bàbá Sàlá lólè. Bákan náà ló rí lónìí. Fíìmù tuntun á jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po línkì rẹ̀ ti lè wà lórí Telegram, ẹni tó sì fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ojú ewé WhatsApp ẹbí lè jẹ́ díákónì tàbí olùkọ́ tí kò jẹ́ mú náírà kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ló fà á tí ẹni tí kò lè jí ẹ̀wà lọ́jà fi ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́ láìṣẹ́jú? Èrò tèmi ni pé àwa Yorùbá kò fìgbà kankan kọ̀ láti sanwó fún eré. Ojú ẹni tó ni eré la ti kọ́ láti máa sanwó. Ìgbà tí ẹ̀dà dé, tí ojú oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, tí ọ̀nà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀, ni okùn já. Kò já lójijì. Ó ti ń já díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó pẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Kí ẹ̀rọ tó dé, kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀dà. Eégún aláré, tí àwọn kan ń pè ní alárìnjó, a wọ ìlú pẹ̀lú onílù rẹ̀, a kọ́kọ́ júbà ọba àti àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò wá pa idán, tí yóò jó, tí yóò fi àwọn ará ìlú ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó. Bí eré bá ṣe dùn tó ni ẹ̀bùn ṣe ń bọ́ sílẹ̀ tó. Onílù tó bá fi dùndún kì ọ́ ní oríkì baba rẹ, iwájú orí rẹ̀ ni wàá lẹ owó mọ́, lójú gbogbo èèyàn. Owó yẹn ń sọ̀rọ̀ lọ́nà méjì: ó ń sọ fún onílù pé o gbọ́ ohun tó wí, ó sì ń sọ fún àwọn tó wà níkàlẹ̀ irú ẹni tí o jẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, orin àná ti di ti gbogbo ìlú. Ọmọdé á máa kọ ọ́ lọ sódò, obìnrin á máa kọ ọ́ nídìí aró, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè owó. Ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé Yorùbá àtijọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ oníǹkan nínú iṣẹ́ ọnà kò sọ òótọ́. Idán eégún aláré, àwọn ìdílé Ọ̀jẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, wọn kì í fi han ará ìta. Ọmọ iṣẹ́ a fi ọdún gbọọrọ sìn kó tó gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, bó bá sì dá dúró tán, ìbà ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ jú kó tó la ẹnu. Ìmọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́, àti ẹni tí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ṣọ́ ẹ̀dà torí pé ẹ̀dà kò sí láyé.

Nígbà tí owó ìwọlé dé, a san án. Hubert Ògúndé kọ́ ló kọ́kọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun ló sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ oòjọ́. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ó ṣe eré kan fún ìjọ Aládùúrà ní Glover Hall l'Ékòó, gbọ̀ngàn kan náà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní 1903. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú. Àwọn mìíràn tọ ipasẹ̀ rẹ̀: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Ọláìyá fúnra rẹ̀, títí tí iye ẹgbẹ́ alárìnká fi lé ní 100 nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Gbọ̀ngàn ìlú, ọgbà ilé ẹ̀kọ́, àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣeré. Ìyàwó tàbí àbúrò ọ̀gá ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba owó. Àwọn èèyàn ń san án. Àgbẹ̀ ń san án, oníṣòwò ń san án, ọmọ iléèwé ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti san án. Láti 1967, wọ́n tún ń ra Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó fi fọ́tò sọ ìtàn eré àwọn òṣèré kan náà. Àwọn tó máa ń sọ pé ara Yorùbá kọ owó sísan fún eré, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó lé ní 100 yẹn ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ orin gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí a farabalẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ńlá ti wọlé. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin 43 fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ àjèjì ló ń tẹ àwo orin wa, òun ló ni másítà, ìyẹn ojúlówó ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ àwo, òun ló ń pín in, òun ló sì mọ iye tó tà. Olórin a gba owó kékeré lé àwo kọ̀ọ̀kan, bó bá rí i gbà rárá. Àwọn kan nínú wọn bá a jà. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn, Star Records, sílẹ̀ ní 1969, Ìṣọ̀lá sì kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ olórin jùjú, àpàlà àti fújì kò gbé ọkàn lé owó àwo. Òde àríyá ni oúnjẹ wọn wà. Àwo ni ìwé ìpè tí wọ́n fi ń pe ara wọn sí òde: ẹni tó bá gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa wá bẹ̀ wọ́n ní ọ̀wẹ̀ fún ìsìnkú ìyá rẹ̀, níbẹ̀ ni owó á ti máa rọ̀ lé wọn lórí bí òjò. Nítorí bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sẹ́bàá gbohùngbohùn lóde àríyá, tí wọ́n ń ta kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní orúkọ láífù pùlé, ọ̀pọ̀ olórin mójú kúrò. Bí kásẹ́ẹ̀tì yẹn bá ṣe rìn jìnnà tó ni òde wọn ṣe ń pọ̀ sí i. Àwa òǹgbọ́ wá kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kọ́ wa: ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ni, olórin gangan la ń náwó fún.

Fíìmù wá dé, ó sì bá ẹ̀kọ́ yìí nílẹ̀. Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní 1976, Adéyẹmí Afọláyàn tí a mọ̀ sí Adé Love àti Dúró Ládípọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ògúndé ṣe Ayé ní 1979, ó ṣe Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Fíìmù kì í ṣe orin. Kò ní òde àríyá. A kì í pe fíìmù síbi ìkómọ kí a wá lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn owó tí òǹwòran san láti wò ó, bí wọ́n bá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó parí. Ìnáwó rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ: kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ nílẹ̀ yìí, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbé e lọ, owó òkèèrè ni wọ́n sì ń san. Àwọn onífíìmù mọ ewu yìí. Wọn kì í fún onísinimá ní ẹ̀dà kí wọ́n sì lọ sùn. Wọ́n ń gbé róòlù fíìmù àti pùròjẹ́tọ̀ sínú mọ́tò, wọ́n ń bá a lọ láti ìlú dé ìlú, àwọn èèyàn tiwọn ló sì ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé eré orí ìtàgé. Wọ́n fẹ́ kí fíìmù máa ní ojú oníǹkan lára. Ògúndé le jù nínú èyí. Kò jẹ́ kí àwọn fíìmù rẹ̀ di kásẹ́ẹ̀tì tí a ń tà lọ́jà. Ó dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀: àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1990, orúkọ Ayé ni ọ̀pọ̀ wọn gbọ́, wọn kò rí i wò, nígbà tí Ọ̀run Móoru tí wọ́n jí gbé wọ ilé tí sinimá kò lè wọ̀ láéláé. Inú mi kò dùn láti kọ gbólóhùn yẹn, àmọ́ òótọ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ fò ó dá.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni ògiri lanu gbàgà. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP ní 1986, iye náírà já wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ fọ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí owó rẹ̀ san mọ́. Adigunjalè gba òru, àwọn ẹbí kò fẹ́ jáde wo sinimá mọ́, àwọn gbọ̀ngàn sinimá sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀rọ fídíò tí àwọn èèyàn ti fi owó epo rọ̀bì rà sílẹ̀ ló kù nínú ilé. Ta ló wá ń fún ẹ̀rọ yẹn lóúnjẹ? Àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà ní Erékùṣù Èkó, àti lẹ́yìn náà ti ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, ni. Àdàkọ fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ fi là. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dọ́ọ̀bù, wọ́n ní oníbàárà dé Kánò àti Kotonú. Nígbà tí àwọn òṣèré Yorùbá tí kò lówó fíìmù mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà fídíò lásán ya eré, ọ̀dọ̀ àwọn kan náà ni wọ́n gbé e lọ. Kenneth Nnebue tó gbé fíìmù Living in Bondage jáde ní 1992 ti ń fi owó sí fíìmù fídíò Yorùbá ṣáájú ìgbà náà. Máàkẹ́tà ni a wá ń pe irú wọn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa: ọjà kan náà, ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ara wọn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojúlówó àti àdàkọ ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà. Nígbà tí síìdì rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ọdún 2000, owó ojúlówó kò wọ́n púpọ̀, àdàkọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i nínú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mèremère. Lẹ́yìn náà ni síìdì kan wá ń gba fíìmù mẹ́wàá, ó ń gba ogún. Ìyá tó ra irú rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ tàbí ọmọ Yorùbá tó rà á ní Peckham kò mọ èyí tí owó rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ òṣèré àti èyí tí kì í dé. Bí a bá sì fẹ́ sọ tinú wa, nínú ojúlówó pàápàá, máàkẹ́tà ló mọ iye ẹ̀dà tó tẹ̀, òṣèré kò mọ̀ ọ́n.

Àjọ UNESCO kà á pé fíìmù 872 ni Nàìjíríà ṣe ní 2006, àwọn èdè wa ni wọ́n sì sọ nínú èyí tó lé ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe fíìmù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìní ilé sinimá tó ká orí àwọn ará ìlú, láìní ètò tó ń ka ẹ̀dà, ó ti kọ́ àwọn òǹwòran rẹ̀ pé fíìmù jẹ́ ohun tó ń dé bí afẹ́fẹ́.

Orí ilẹ̀ yìí ni íntánẹ́ẹ̀tì hù sí. Ó kọ́kọ́ dé bíi mẹ́mọ́rì kádì: o lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí sídìí ọmọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, o san owó díẹ̀, ó lóòdù orin kún fóònù rẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ojú ewé bíi NotJustOk àti Naijaloaded dé, tí orin tuntun ń bọ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn olórin fúnra wọn ló ń gbé orin wọn lọ síbẹ̀. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè bá wọn gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn DJ Alábà kí orin wọn lè wọ inú síìdì àkópọ̀. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ yẹn náà ni: ẹ̀dà ni ìwé ìpè, òde ni owó wà. Ọ̀dọ́ tó dàgbà láàárín ọdún 2008 sí 2015, tí olórin tó fẹ́ràn jù fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní línkì ọ̀fẹ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé línkì fíìmù yàtọ̀ sí ti orin? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí Kúnlé Afọláyàn, ọmọ Adé Love, figbe ta ní 2015 pé wọ́n ti da fíìmù rẹ̀ October 1 kọ, igbe Bàbá Sàlá tó ti wà nílẹ̀ láti 1982 ló ń ké.

Ohun tuntun kan wà nínú ti ayé ìsinsìnyí tó mú kó le ju ti Alábà lọ. Ará Alábà ń jẹ èrè. Ẹni tó ń fọ́wọ́ọ̀dù kì í jẹ kọ́bọ̀. Àdúrà ni wọ́n fi ń san fún un: "Ẹ ṣeun mà, Olúwa á bù kún dátà yín." Ó ń ṣe é bí ẹni tó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí aládùúgbò, torí nínú àṣà wa, ẹni tó rí ohun tó dára tó dá a jẹ, ahun ni. Ìwà tí a fi ń kọ́ ọmọ pé kó jẹ́ ọmọlúwàbí ló wá di irin iṣẹ́ tí a fi ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn àgbà bèèrè pé olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Láyé ìgbà náà, kò níbi tó lè fọn ọ́n. Lónìí, gbogbo fóònù ni ibi tí a ti lè fọn ọ́n, àwọn tó gbọ́ ọ yóò sì kí afọnkàkàkí kú iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ máa sọ pé olè ni olè, pé gbogbo ìtàn gígùn yìí jẹ́ àwíjàre. Wọ́n á pa á lówe pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. N kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Bí a bá mọ bí òjò ṣe wọ ilé, kò sọ pé ilé kò tutù. Owó Bàbá Sàlá lọ, kò sì sí ìtàn tó máa dá a padà. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn ń pe àwọn èèyàn ní olè tí wọn kò sì rí olè nínú ara wọn, ọ̀rọ̀ wa kò ní wọ̀ wọ́n létí, láti ìgbà tí àkọlé ìkìlọ̀ sì ti ń wà níbẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni a ti ń rí i pé kò wọ̀ wọ́n létí.

Àwọn mìíràn á ní òṣì ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí owó tíkẹ́ẹ̀tì sinimá kan lè jẹ́ owó oúnjẹ ilé fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá kò sì ní sinimá kan ṣoṣo. Síbẹ̀, òṣì nìkan kọ́. Ẹni tó wo fíìmù lórí Telegram lánàá lè ra aṣọ ẹbí lónìí ní ìlọ́po mélòó kan owó tíkẹ́ẹ̀tì. Aṣọ ẹbí ní ojú lára: wọ́n máa rí ọ nínú rẹ̀, ẹni tó ni òde á mọ̀ pé o ṣe é fún òun. Ẹ rántí orin ìpè tí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa ń tà ní nǹkan bí ₦50 nígbà kan. Àìmọye èèyàn san án lórí orin tí wọ́n ti ní lọ́fẹ̀ẹ́ nínú fóònù kan náà, nítorí ẹni tó ń pè wọ́n ni yóò gbọ́ ọ. Owó ìnáwó lóde àríyá ni, ó kàn gba inú fóònù wá ni. Bí owó bá ní ẹni tí yóò rí i, Yorùbá á san án. Bó bá dá bí ẹni ju òkúta sínú kànga, kò ní san án.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ní pípín náà ń ṣe òṣèré lóore, pé òun ló ń sọ wọ́n di olókìkí. Fún olórin, mo ti gbà bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olórin tí ọjọ́ ogbó dé bá, tí kò lè dúró lóde títí di ìdájí mọ́, owó àwo nìkan ló yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀, àìsí i ló sì ń sọ àwọn àgbà olórin di ẹni tí a ń bẹ ìjọba kó tọ́jú. Fún onífíìmù, òkìkí kì í san gbèsè. Kò sẹ́ni tó lókìkí ju Bàbá Sàlá lọ.

Òfin ńkọ́? Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti wà láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin 1911 tirẹ̀ bò wá lórí ní 1912. Ìjọba ológun ṣe òmíràn ní 1970, wọ́n tún un ṣe ní 1988, àjọ tó ń rí sí i bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989, Ààrẹ sì fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù Kẹta ọdún 2023, èyí tó fún oníǹkan lágbára láti ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin tó dára ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n lò ó. Àmọ́ ẹ fi ìtàn òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn ọ̀nà, kí ẹ wo èyí tó yí ìwà padà. Láti 2004 tí sinimá ìgbàlódé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni àwọn èèyàn ti tún ń tò sẹ́nu ọ̀nà, títí tí fíìmù A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023, fi pa ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan náírà. Ọ̀nà Ògúndé gan-an ló tọ̀: òun àti àwọn òṣèré rẹ̀ ń lọ pàdé òǹwòran nínú sinimá, wọ́n ń kí wọn, wọ́n ń bá wọn jó. Túndé Kèlání náà ti gbé fíìmù rẹ̀ Arugbá kiri nínú sinimá alágbèéká. Àwọn onífíìmù Yorùbá tí ọjà síìdì dà rú mọ́ lọ́wọ́ gba orí YouTube lọ, ibẹ̀ ni ìyá kan ní Ọ̀yọ́ àti ọmọ rẹ̀ ní Houston ti ń wo fíìmù kan náà láìjí i, tí owó ìpolówó sì ń wọlé fún ẹni tó ni ojú ewé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ibi tí oníǹkan bá ti la ọ̀nà tirẹ̀ dé ẹnu ilé wa, tó mọ́lẹ̀, tí owó rẹ̀ kò wọ́n jù, a ń gbà á. Ibi tí kò bá ti là á, aláǹgbá ló ń gba ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, ẹ má dúró de ọlọ́pàá. Ẹ ṣí ojú ewé tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ gedegbe, ẹ gbé iṣẹ́ yín síbẹ̀ kó tó pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí ará Ìkìrun àti ará Ìṣẹ́yìn rí i rà ní owó tí wọ́n lè san. Ìwọ tí o sì ń ka èyí, nígbà tí línkì fíìmù tuntun bá dé sórí fóònù rẹ, kí o tó fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀, wá ojú ewé òṣèré náà lọ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbi tí o ti lè wò ó, línkì ti ibẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Bí kò bá tíì gbé e síbẹ̀, jọ̀wọ́, dúró dè é.